Ìrọbí Àìtọ́jọ́: Ẹ Má Ṣe Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan tọkọtaya, ó kan ìyá àgbà tó wà nílé, ó sì kan gbogbo wa tí a jọ ń gbé ní Barking àti Dagenham. Ọ̀rọ̀ oyún ni, pàápàá oyún tí ìrọbí fẹ́ dé bá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àṣà wa ni pé a kì í pariwo oyún. Aboyún a máa bò ó mọ́ra títí ikùn yóò fi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. A kì í bi í pé oṣù mélòó ni, òun náà kì í sì í ka oṣù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ayé. N kò wá láti bẹnu àtẹ́ lu ìṣọ́ra àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a pa ẹnu mọ́ lójú ayé, ọ̀tọ̀ ni kí a pa ẹnu mọ́ fún agbẹ̀bí. Àwọn àgbà ló wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìrọbí àìtọ́jọ́, wákàtí díẹ̀ tí a fi dákẹ́ lè jẹ́ wákàtí tí ọmọ inú nílò jù lọ.

KÍ NI ÌRỌBÍ ÀÌTỌ́JỌ́?

Ogójì ọ̀sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń ka oyún sí. Ọmọ tí a bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni ọmọ tí kò pé ọjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó ọmọ méje tàbí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wáyé báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a bí káàkiri àgbáyé ní ọdún 2020. Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti pọ̀ jù. Nítorí náà, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àbùkù ìdílé kan.

Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í rí ohun tó fà á. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ: ẹni tó ti bí ọmọ tí kò pé ọjọ́ rí, ẹni tí ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ kúrú, ẹni tí kòkòrò àrùn wọ inú ìtọ̀ tàbí ojú ara rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹni tó ń mu sìgá. Ti ìbejì tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tó ń bí ìbejì bí àwa Yorùbá. Igbó-Ọrà ti di ìlú tí ayé mọ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀jìrẹ́ ń bọ̀ nílé wọn kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ju ìdajì àwọn ìbejì lọ ni a ń bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pẹ̀lú, àwọn obìnrin adúláwọ̀ ń bímọ láìpé ọjọ́ ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nínú èèyàn bí 218,900 tó ń gbé ní Barking àti Dagenham, ó lé ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní adúláwọ̀ láti Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ àdúgbò wa gan-an ni.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ SÙN LÉ

Bí ikùn bá ń le gbagidi, tó ń dẹ̀, tó tún ń le, tó sì ń tẹ̀lé ara wọn. Bí inú bá ń run bí ìgbà nǹkan oṣù. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni ní ọ̀nà tí kò ṣe é rí. Bí omi bá ń jáde lójú ara, ìbáà ya wàá, ìbáà máa kán díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun tó ní ẹ̀jẹ̀ bá yọ. Bí ó bá dà bí ẹni pé ọmọ ń ti ìsàlẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ọmọ inú kò bá mira bí ó ti máa ń mira. A máa ń fún aboyún ní nọ́ńbà tí yóò máa pè lọ́sàn-án lóru. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn fìríìjì, kí ọkọ àti àwọn ọmọ tó gbọ́n lè rí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀ tàbí tí ọmọ fẹ́ bọ́, 999 ni kí ẹ pè.

Ẹ má sọ pé ẹ óò kọ́kọ́ sùn ún wò. Ẹ má sọ pé ẹ óò parí iṣẹ́ alẹ́ ná. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tán tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́nu báyìí ni kì í bí láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Agbẹ̀bí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ tètè wá.

ÌDÍ TÍ WÁKÀTÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ohun tó ń dààmú ọmọ tí kò pé ọjọ́ jù lọ ni ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì gbó. Ní Auckland, ní orílẹ̀-èdè New Zealand, Graham Liggins ṣàkíyèsí pé ọmọ àgùntàn tí a fún ní oògùn kan kí a tó bí i láìpé ọjọ́ ń mí ju bí a ti rò lọ. Òun àti Ross Howie wá dán an wò lára àwọn aboyún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1972: abẹ́rẹ́ tí a gún fún ìyá ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Ní ọdún 2020, ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí dín ikú ọmọ tuntun kù ní ilé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú tó péye. Ọmọ Yorùbá, Dókítà Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ àkókò. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gún un. Ó sì ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí ó bá ti pé wákàtí 24 tí a ti gún un kí a tó bímọ, tí kò sì tíì ju ọjọ́ méje lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tó bá dé ní agogo mẹ́wàá alẹ́ fi sàn ju ẹni tó dé ní ìdájí lọ.

Láti ọdún 2013 tí wọn kò ti gbẹ̀bí mọ́ ní King George ní Goodmayes, ilé ìwòsàn Queen's ní Romford ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, wọn óò yẹ ìtọ̀ wò, wọn óò fetí sí ọkàn ọmọ, wọn óò yẹ ojú ara wò, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ scan wọn ọrùn ilé ọmọ. Wọ́n lè fún yín ní oògùn tí yóò dá ìrọbí dúró díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Bí ìbí bá súnmọ́ tí oyún ṣì kéré gan-an, wọ́n lè fa oògùn magnesium sí ìyá lára láti dáàbò bo ọpọlọ ọmọ. Bí oyún kò bá sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 27, wọ́n lè gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú àkànṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bíi Royal London ní Whitechapel tàbí Homerton ní Hackney. Ẹ má bẹ̀rù bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ọmọ rìnrìn àjò náà nínú ìyá rẹ̀ ju kí a gbé e lẹ́yìn ìbí lọ.

Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ̀.

Ẹ TÈTÈ FORÚKỌ SÍLẸ̀

Ìtọ́jú tó dára jù ni èyí tó ṣáájú àmì. Bí oyún bá ti bàjẹ́ mọ́ yín lára lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí tí ẹ ti bí ọmọ tí kò pé ọjọ́ rí, ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kódà bó jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ tí kò sì sí nínú ìwé kankan níbí. Wọ́n lè máa wọn ọrùn ilé ọmọ láti bí ọ̀sẹ̀ 16. Bí ó bá ti kúrú ju bó ti yẹ lọ, wọ́n lè fún yín ní oògùn progesterone, tàbí kí wọ́n fi okùn rán an. Ọ̀nà ìránṣọ yìí kì í ṣe tuntun: Shirodkar ti ilẹ̀ Íńdíà kọ̀wé nípa tirẹ̀ ní 1955, McDonald ti Ọsirélíà sì tẹ̀lé e ní 1957. Ẹni tó bá fi oyún pamọ́ fún agbẹ̀bí títí di oṣù kẹfà, àǹfààní yìí ti kọjá lórí rẹ̀.

ÌBẸ̀RÙ ÌWÉ ÀTI OWÓ

Nínú iṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ìwé ìgbélùú ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró sílé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìtọ́jú oyún jẹ́ ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ fawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn tàbí dá dúró nítorí pé owó kò tíì sí lọ́wọ́. Ẹni tó san owó ìlera nígbà tó ń gba fisà kò ní san òmíràn fún un. Àlejò àti ẹni tí kò ní ìwé lè gba ìwé owó lẹ́yìn náà, gbèsè tó bá sì tó £500 lè dí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, ẹ má sá fún ìwé owó náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn bíi Citizens Advice, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Gbèsè ṣe é san. Ẹ̀mí kò ṣe é rà.

TA NI YÓÒ TỌ́JÚ ÀWỌN TÓ WÀ NÍLÉ?

Ìbéèrè yìí ló ń lé ìyá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tọkọtaya kan ní Becontree. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ méjì sì wà ní iléèwé. Dókítà ní kí ìyá má tíì lọ sílé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí; a gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí yóò gbé wọn lọ síléèwé kí ọjọ́ náà tó dé.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Lábẹ́ Òfin Àwọn Ọmọdé ti 1989, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Lójú òfin, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bàbá tàbí ìyá ni ìbátan. “Àǹtí” tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ tó. Ẹ sọ fún wọn. Wọn yóò wá wo ilé náà ni, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ lọ. Mo mọ ohun tí a ń sọ nípa àwa òṣìṣẹ́ “social”. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló pàṣẹ pé kí káńsù ran ọmọ tó wà nínú àìní lọ́wọ́, kó sì wà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ bí kò bá sí ewu.

Níbi iṣẹ́, ẹ fi ìwé sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ lóyún; yóò di dandan kó yẹ ewu iṣẹ́ náà wò. Bí dókítà tàbí agbẹ̀bí bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ alẹ́ lè pa yín lára, ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ ọ̀sán tó bá yín mu. Bí kò bá rí i, kó ní kí ẹ jókòó sílé pẹ̀lú owó yín. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, òbí tó jẹ́ òṣìṣẹ́, tí ọmọ tuntun rẹ̀ wà nílé ìwòsàn fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè gba ìsinmi àfikún tó tó ọ̀sẹ̀ 12. Bàbá náà wà nínú rẹ̀.

BÍ A TI Ń DÚRÓ

Ìdúró ló le jù. Wọ́n lè dá ìyá padà sílé pé kó máa ṣọ́ra, ọkàn rẹ̀ a sì máa já ní gbogbo ìgbà tí ikùn bá le. Ẹ má dùbúlẹ̀ sójú kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́ àyàfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kò fi hàn pé ó ń dá ìrọbí dúró, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀. Ẹ má mu àgbo tí agbẹ̀bí kò mọ̀ sí. Ẹ má gbààwẹ̀. Ẹ gbàdúrà, kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà wá bá yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí àdúrà má dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pè láti ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í pé kí ló gbé tó wúwo tàbí ta ló bá jà. Ẹ̀rù ìyẹn nìkan tó ẹrù. Ọ̀pọ̀ wa sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé ọmọ oṣù méje a máa yè ju ti oṣù mẹ́jọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fi pẹ́ sí i nínú ń fi kún agbára rẹ̀, àyàfi bí dókítà bá rí ewu tó fi yẹ kó jáde. Nítorí náà, ẹ máa ka ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Bí ọmọ bá sì dé kí ọjọ́ pé, iṣẹ́ kò parí. Àyà ìyá àti àyà bàbá ni a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé, ara kan ara, kó lè móoru. Láti Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní nǹkan bí 1978, ni ọ̀nà yìí ti tàn káyé. A sì lè sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì tó wà. Ayẹyẹ lè dúró; orúkọ kò ní láti dúró.

Ẹ̀yin aboyún wa, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Kí eku ké bí eku, kí ẹyẹ ké bí ẹyẹ, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Àmọ́ bí ara bá sọ̀rọ̀ lóru òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù.