Ẹ Bi Ọmọ Náà Fúnra Rẹ̀
Ìwé ìlàlóye fún òbí àkàndá ọmọ ní Koumassi Remblais

Bí a bá bi àkàndá ọmọ pé, "Kí lo fẹ́ kọ́ nílé ìwé?", ìyá ló sábà máa ń dáhùn. Bí a bá tún un bi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ ọmọ lẹ́nu, kí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí, níbo ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan nǹkan?

Bí ọmọ bá sì yan ilé ìwé, òfin ń bẹ lẹ́yìn yín. Láti ọdún 1998 ni Côte d'Ivoire ti ní òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá. Ní 2014, ó fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé tó ní kí àkàndá máa kàwé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 wá sọ ọ́ di dandan kí ọmọ wà nílé ìwé láti ọdún 6 títí dé 16. Àmọ́ òfin kì í ti kẹ̀kẹ́ arọ kọjá omi. Ẹni tó bá ń gbé Remblais mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí nínú òjò oṣù Kẹfà.

Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé bá délẹ̀, Yopougon ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ rò: ibẹ̀ ni ilé ìwé àwọn adití, ECIS, wà, ibẹ̀ náà ni ti àwọn afọ́jú, INIPA. A kò ní kí ẹ kọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Adití ọmọ nílò ibi tí àwọn mìíràn ti ń sọ èdè adití, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà kọ́ ọ, torí kò sí bó ṣe lè sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ fún ilé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí tó máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé e, kí ló ń wá nínú ọkọ̀ gbáká lọ sí Yopougon lójoojúmọ́ nígbà tí ilé ìwé wà ládùúgbò?

Ìdí tí a fi ní kí ọmọ máa yan nǹkan fúnra rẹ̀ rèé. Ní 1997, Michael Wehmeyer àti Michelle Schwartz tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀dọ́ 80 tí ẹ̀kọ́ kò tètè wọ̀ lórí. Wọ́n padà wo àwọn ọ̀dọ́ náà ní ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n jáde nílé ìwé. Àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń pinnu fún ara ẹni ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn jù, owó wọn sì ga jù. Ọgọ́rin èèyàn kò pọ̀, Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe Koumassi; síbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 2000, Wehmeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan jáde, ìbéèrè 12 tí ọmọ ń bi ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un dé ìsọ̀ yín. Ọmọbìnrin kan fẹ́ máa fún oníbàárà ní ṣéńjì. Kí ló ti mọ̀ nípa owó? Kí ló lè dí i lọ́wọ́? Ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun ló máa yẹ ara rẹ̀ wò. Bó bá ṣì ń ṣi owó 200 mú fún 100, ètò ni kó yí padà. Ẹ má gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Èyí tí kò lè ṣípá ńkọ́? Ojú ló fi ń ṣípá. Ẹ gbé aṣọ méjì síwájú rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú yín. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù.

Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ lọ rí dírẹ́kítọ̀ ilé ìwé àdúgbò yín. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí dání. Bí kò bá sí, mairie ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ mú ọmọ náà lọ. Kí òun fúnra rẹ̀ wọ kíláàsì, kó fi ibi tó fẹ́ jókòó hàn dírẹ́kítọ̀: ẹ̀gbẹ́ pátákó, ẹnu ọ̀nà, tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.