Bí Àwọn Onígi Ilẹ̀ Swídìn Ti Da Ọwọ́ Wọn Pọ̀

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ẹrù rẹ̀ lọ́jà títí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ bí ó ti rí kí ẹni tí ń ra ọjà máa dá iye lé e fún ni. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ tí ó ní igbó igi ní gúúsù ilẹ̀ Swídìn jẹ ní àtijọ́.

Ní ilẹ̀ náà, nǹkan bí ìdajì gbogbo igbó ni ó jẹ́ ti ìdílé, tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Igi tí a gbìn lè lo 70 ọdún kí ó tó tó gé. Bí ó bá sì tó gé tán, oníṣòwò pákó ni í sọ iye tí òun yóò san.

Ní ọdún 1938 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí à ń pè ní Södra sílẹ̀, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní ìlú Växjö. Ìbáà ṣe igbó ńlá, ìbáà ṣe kékeré ni ènìyàn ní, ìbò kan ni ó ní nínú ìpàdé. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń sọ igi di èlò ìwé sí Mörrum ní 1962, àti sí Värö ní 1972. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọjà kò dára, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn, títí Ìjọba fi fi owó bá wọn dá sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ìpín Ìjọba padà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù January 2005 ni ìdánwò ńlá dé. Ìjì tí à ń pè ní Gudrun wó igi ní òru kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí gbogbo ilẹ̀ Swídìn ń gé ní odindi ọdún. Bí igi bá pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò a wọ inú rẹ̀. Ìbá ṣe pé olúkúlùkù dá dúró ni, ọ̀pọ̀ ìbá ta ogún bàbá wọn ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú. Ẹgbẹ́ gba igi àwọn ọmọ rẹ̀, a tò ó jọ gègèrè, a sì ń fi omi rin ín kí ó má bàa bàjẹ́, títí ilé iṣẹ́ fi ráyè lò ó.

Lónìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tó nǹkan bí 50,000. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọ̀pọ̀ ni í rántí ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí a bá ń pín èrè. Ọjọ́ ìjì ni a ń mọ ìwúlò rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.