Bí Kídìnrín Ṣe Ń Ṣe Ìtọ̀

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé èèrí ló ń kù sórí asẹ́, ohun tó jò sísàlẹ̀ la ń fẹ́. Ti kídìnrín kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì tó kù sórí asẹ́ rẹ̀ ni ara ń pa mọ́, orí omi tó jò kọjá sì ni iṣẹ́ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irú asẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù kan nínú kídìnrín kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀pá tín-ín-rín tirẹ̀. Nǹkan bíi 180 lítà omi ló ń jò gba ibẹ̀ lójúmọ́, síbẹ̀ ìtọ̀ tí à ń tọ̀ kì í sábà ju lítà kan sí méjì lọ. Ara ló gba ìyókù padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta omi àti iyọ̀ ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà ní tirẹ̀ ń padà tán pátá.

Àmọ́ ó níbi tí agbára àwọn tó ń kó ṣúgà padà mọ. Bí ṣúgà bá ti tó nǹkan bíi 180 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, apá wọn kì í ká a mọ́. Á bá ìtọ̀ jáde, á sì fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó ń rù, tí èèrà ń bo ibi tó tọ̀ sí. N kò rí orúkọ tó bá àìsàn yìí mu ju èyí tí àwọn baba wa fún un lọ: àtọ̀gbẹ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ara kì í fi sílẹ̀ fún asẹ́ nìkan. Ògiri ọ̀pá náà á fà wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tì wọ́n sínú ìtọ̀: ásíìdì, pòtásíọ́mù tó pọ̀ jù, àti ọ̀pọ̀ oògùn. Ní 1941, nígbà tí oògùn penisilíìnì wọ́n bí ojú, wọ́n fi tọ́jú ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní Oxford. Kídìnrín rẹ̀ ń tì í jáde kíákíá débi pé àwọn oníṣègùn ń gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yọ oògùn náà jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fún un padà. Ara rẹ̀ ti ń yá kí penisilíìnì tó tán. Ó kú ní oṣù Kẹta. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe probenecid, tó ń dí ọ̀nà yìí kí penisilíìnì lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìdí ọ̀pá ni a ti ń pinnu bí ìtọ̀ yóò ṣe ki tó. Bí àgbẹ̀ bá ro oko nínú oòrùn láìmu omi, ọpọlọ á fi họ́mónù ránṣẹ́ sí kídìnrín pé kó gba omi padà sí i. Ìtọ̀ á kéré, á pọ́n. Bó bá mu omi dáadáa, kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara.