Ìtàn tí a dá dúró, gbèsè ni

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n eré àtìgbàdégbà kan láti ilẹ̀ Ṣáínà dà bí ẹni tí ó fẹ́ ta ko òwe náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ó wà láàárín apá kìn-ín-ní rẹ̀ àti apá kejì. Nígbà tí apá kejì wá jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ń retí rẹ̀ ni ó sọ pé ohun tí àwọn rí kò tó ohun tí àwọn retí. Qing Yu Nian ni orúkọ eré náà, òun ni àwọn tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà mọ̀ sí Joy of Life. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni apá kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀, ó sì ní abala 46. Ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni apá kejì bẹ̀rẹ̀, òun sì ní abala 36.

Bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ni ó kan ará Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn kò jìnnà. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí ó wà ní ìlú wa, tí ó jẹ́ àjọni Benin àti Nàìjíríà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ Complant ti Ṣáínà ni a fi í sí ní ọdún 2003, ni ó fi di SUCOBE. Ní Kútọnu, Ilé Àṣà Ṣáínà ti wà láti ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní èdè náà láti ọdún 2009. Ìrèké ni ó kọ́kọ́ mú Ṣáínà wá sí ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ìtàn ni ó ń mú un wọ inú ilé báyìí, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fọ́ọ̀nù. Èyí tí ó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àwa náà ní ìwé ìtàn oníyanu tí ó tó sọ di eré. Ẹni tí yóò bá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó wo ibi tí ẹni tí ó ṣáájú ti kọsẹ̀.

Ìwé ni Qing Yu Nian kí ó tó di eré. Òǹkọ̀wé tí ń jẹ́ Mao Ni ni ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú òpó Qidian, láàárín ọdún 2007 sí 2009. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbé e jáde, tí àwọn òǹkàwé ń dúró de orí tí ó kàn. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, Fan Xian, tí ó gbé ìrántí ayé òde òní wá sí ayé àtijọ́ tí ọba àti ìjòyè ń ṣe àkóso. Ìyá àgbà kan ni ó tọ́ ọ dàgbà ní ìlú etí òkun tí ń jẹ́ Danzhou. Ọkùnrin kan tí ó fi aṣọ di ojú rẹ̀, Wu Zhu, ni ó ń ṣọ́ ọ. Ye Qingmei, ìyá tí ó bí i lọ́mọ, ti kú kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí obìnrin náà tó lọ, ó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lára òkúta ní iwájú ilé iṣẹ́ àwọn amí ìjọba, ọ̀rọ̀ nípa ayé tí gbogbo ènìyàn yóò ti dọ́gba níwájú òfin. Ohun tí ó wà nídìí ìtàn náà nìyí: ta ni ó pa ìyá yìí, kí sì ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe nígbà tí ó bá mọ̀?

Wang Juan ni ó sọ ìwé yìí di ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, Sun Hao sì ni olùdarí. Àwọn aláṣẹ tẹlifíṣọ̀n ní Ṣáínà kì í fi ojú rere wo eré tí ènìyàn ti ń ti ayé òde òní bọ́ sí ayé àtijọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọgbọ́n bo ìtàn náà lójú: akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó ń kọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ̀. Ìbòjú náà kò pa ìtàn lára. Zhang Ruoyun ṣe Fan Xian bí ẹni tí ó ń fi ẹ̀rín gbé ẹrù wúwo. Chen Daoming ṣe ọba, ó sì ṣe é débi pé bí ó bá jókòó láìsọ̀rọ̀, ẹ̀rù a ba olùwòran. Ẹni tí ó bá wo apá kìn-ín-ní kò ní gbàgbé alẹ́ tí Fan Xian mu ọtí yó ní ààfin, tí ó ń ké ewì lé ewì, ewì àwọn ògbóǹtarìgì akéwì Ṣáínà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí ní ayé tí ó wà, tí àwọn akọ̀wé ń sáré kọ ọ́ tí ọwọ́ wọn kò sì ká a. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ sì wà níbẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó mọ ilé tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Báyìí ni eré náà lọ títí tí ó fi kan abala tí ó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Yan Bingyun, ẹni tí Fan Xian ti gbà kúrò nínú àhámọ́ àwọn ọ̀tá, ti fa idà yọ tí ó sì gún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa iná.

Nígbà tí apàlọ́ bá dá àlọ́ dúró níbi tí Ìjàpá ti kó sínú kòtò, kò sí ọmọ tí yóò gbà pé ó ti parí. Apàlọ́ ti jẹ gbèsè, àwọn ọmọ sì ti di olówó tí yóò sin ín. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì, wọn kì í béèrè àlọ́ tuntun; ti àná ni wọ́n ń béèrè. Gbèsè tí a sì fi ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ sílẹ̀ a máa lé èlé, nítorí pé ní gbogbo àkókò yẹn ni olúkúlùkù olùwòran ti ń parí ìtàn náà fúnra rẹ̀ nínú ọkàn. Olówó èlé bẹ́ẹ̀ ni apá kejì wá bá lẹ́nu ọ̀nà.

Báwo ni ó ṣe san gbèsè náà? Ti idà ni ó kọ́kọ́ san, ṣùgbọ́n owó tí ó fi san án kò níyì. Ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀ jẹ́: Fan Xian àti Yan Bingyun ni wọ́n jọ pète ikú èké náà kí ó lè yọ́ wọ olú-ìlú. Ọgbọ́n náà bá ìwà àwọn méjèèjì mu, àmọ́ ó sọ ìbẹ̀rù ọdún mẹ́rin di àwàdà. Yan Bingyun fúnra rẹ̀ kò sì ní ojú tí a mọ̀ ọ́n sí mọ́. Xiao Zhan ni ó ṣe é ní apá kìn-ín-ní. Wu Xingjian ni ó gba ipò rẹ̀ ní apá kejì. Wu Xingjian kò ṣe é láìdára, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń retí gan-an ni ó gbé ojú àlejò wá.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lura wọn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ààfin ti pọ̀ jù, pé àwọn ìjòyè ń wọlé, wọ́n ń jáde, orúkọ tuntun ń tẹ̀ lé orúkọ tuntun, Fan Xian sì di ẹni tí a ń wá nínú ìtàn ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwàdà tí ó jẹ́ iyọ̀ ní apá kìn-ín-ní ti di ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpolówó ọjà sì ń já ìtàn gbà lẹ́nu àwọn òṣèré. Èyí tí ó dun ènìyàn jù ni pé ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀, ikú Ye Qingmei, kò rí ìdáhùn. Apá kẹta ni a sún un sí, nítorí pé apá mẹ́ta ni àwọn tí ó ṣe eré náà ti pète láti ìbẹ̀rẹ̀. Olówó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí ó padà wá.

A kò gbọdọ̀ torí èyí ṣe àìdáa sí iṣẹ́ náà. Ibi kan wà nínú apá kejì tí ó ga ju ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú apá kìn-ín-ní lọ. Lai Mingcheng, olóyè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wí fún ọba bí ọba bá ṣe àṣìṣe, dúró níwájú ìtẹ́, ó sọ òtítọ́, wọ́n sì fi pàṣán igi lù ú pa ní ààfin. Kò sí idán níbẹ̀, kò sì sí àwàdà. Ẹni tí ó bá wo ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn tí ó ṣe eré yìí kò gbàgbé bí a ti ń ṣe é. Nítorí náà, àìmọ̀ kọ́ ni ó fa ìjákulẹ̀.

Ìdí kan hàn bí a bá wo ọwọ́ tí ohun gbogbo wà. Ilé iṣẹ́ China Literature ni ó ni ojú òpó Qidian tí ìwé náà ti jáde. Ní ọdún 2018, òun kan náà ra New Classics Media, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe eré. Tencent ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú China Literature, ojú òpó Tencent kan náà ni a sì ti ń wo eré náà. Ẹni tí ó ni oko ni ó ni ọlọ, òun náà ni ó ni ìsọ̀ ọjà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtàn tí ó parí dà bí igi eléso tí a gé lulẹ̀. Kí gbèsè máa wà nílẹ̀ ni ó ṣe é ní àǹfààní.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun ní Ṣáínà. Láàárín àwọn ọdún 1980, tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn ṣe eré abala 25 láti inú Ìrìnàjò sí Ìwọ̀-Oòrùn, ìwé ìtàn oníyanu àtayébáyé nípa ọ̀bọ alágbára àti àlùfáà tí ó ń wá ìwé mímọ́. Owó àti àkókò kò jẹ́ kí Yang Jie, obìnrin tí ó darí rẹ̀, lè fi gbogbo ìtàn inú ìwé sí i. Ní ọdún 2000 ni apá kejì jáde, abala 16, láti fi dí àwọn àlàfo náà. Liu Xiao Ling Tong ni ó ṣì ṣe ọ̀bọ náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣèré mìíràn ni ó ṣe ẹlẹ́dẹ̀ àti Sha, àwọn ọmọ ẹ̀yìn àlùfáà. Apá kejì yìí kò rí ìfẹ́ tí ti àkọ́kọ́ rí gbà. Ìtàn ti parí ná. Àwọn arìnrìn-àjò ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́.

Bí a bá wá yíjú sí ilé, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kọ́ wa bí ohun kan ṣe ń ní apá kejì. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀: ọ̀rọ̀ ni, orin ni, ìbáwí ni. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó di ọ̀sán, ijó ni ó kàn, ẹsẹ̀ àti ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jó ní ọ̀sán kì í tún orin òru kọ kí a tó mọ̀ pé ó jẹ́ ìyókù rẹ̀. Ó ń ṣe ohun tí òru kò lè ṣe.

Fágúnwà náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìtàn Àkàrà-oògùn. Nígbà tí Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Fágúnwà kò tún rán Àkàrà-oògùn lọ sínú igbó kan náà láti bá ewèlè kan náà jà. Ó padà sẹ́yìn, ó sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìwé kìn-ín-ní kàn mẹ́nu bà lásán. Ìbéèrè tí òǹkàwé ti ní lọ́kàn ni ó dáhùn. Ọdún mọ́kànlá sì ni ó wà láàárín ìwé méjèèjì, ó ju ìlọ́po méjì àkókò tí àwọn ará Ṣáínà lò. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ìdúró ni ó ba apá kejì Qing Yu Nian jẹ́. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró gbọn-in.

Àwa náà kò sì ṣàì ti tọ́ nínú ìkòkò yìí. Ní ọdún 2022 ni Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix, tí ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá wò. Ikú Sàró ni ó pa ìtàn náà dé, ikú náà sì tọ́ sí i, nítorí pé ìgbéraga ni ó ṣekú pa ẹni tí ń jí òkú. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, eré àtìgbàdégbà tẹ̀ lé e, Sàró sì tún dìde. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: gbèsè wo ni ó kù nílẹ̀ tí a fi jí òkú? Bí ikú kò bá jẹ́ òpin mọ́, kí ni ẹ̀kọ́ inú fíìmù àkọ́kọ́ já sí?

Ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu tàbí Ìbàdàn yóò sọ ìwé Fágúnwà di eré abala-abala. Wálé Ògúnyẹmí ti fi Láńgbòdó ṣí ọ̀nà lórí ìtàgé ní FESTAC ọdún 1977. Owó Ṣáínà lè máà sí lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kò náni lówó ni kí wọ́n tó fa idà yọ ní abala tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò sọ nígbà tí àwọn olùwòran bá padà wá béèrè.