Alárinà inú Ẹ̀wà: Àlàyé lórí Níkẹ́lì àti Ẹ́ńsáìmù

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe kẹ́mísìrì; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìperí kan ń bẹ tí àwa àti àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì jọ ní láti wá. Kí ni kí á máa pe ohun tí ó ń mú kí èròjà méjì tètè ṣiṣẹ́ lórí ara wọn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì bá iṣẹ́ náà lọ? Àbá mi ni alárinà. Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ba. Ẹ́ńsáìmù ni irú alárinà tí ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe nínú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi òórùn ilé ìtọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Yúríà wà nínú ìtọ̀. Bí yúríà àti omi nìkan bá pàdé, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí yúríà tó tú ká. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí ní ẹ́ńsáìmù kan, yúríéèsì, tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà wàràǹṣeṣà. Amóníà tí ó ń jáde níbẹ̀ ni ó ń ta ni nímú.

Ní ọdún 1926, James Sumner ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà yọ yúríéèsì láti inú irú ẹ̀wà tí a ń pè ní jack bean, ó sì sọ ọ́ di kírísítálì. Ó ní puròtéènì ni. Richard Willstätter, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, kò gbà. Lójú tirẹ̀, agbọ̀n lásán ni puròtéènì, nǹkan mìíràn ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹjọ́ gbe Sumner, ó sì wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1946. Síbẹ̀, ní 1975, Burt Zerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland, Ọsirélíà, rí i pé níkẹ́lì, mẹ́táàlì tí a fi ń ṣe owó ẹyọ, wà nínú yúríéèsì. Átọ̀mù rẹ̀ méjì ni ó ń di yúríà àti omi mú kí wọ́n lè mojú ara wọn. Puròtéènì ni ó gbé níkẹ́lì sí ipò. Láìsí níkẹ́lì, puròtéènì kò lè ṣe iṣẹ́ alárinà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí yàrá àyẹ̀wò. Yúríéèsì ni kòkòrò Helicobacter pylori, ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa ọgbẹ́ inú, fi ń fara da omi kíkan inú ikùn. Yúríéèsì inú ilẹ̀ náà ni ó ń mú kí ajílẹ̀ yúríà tí àgbẹ̀ fọ́n sílẹ̀ fò lọ bí afẹ́fẹ́ kí ó tó dé gbòǹgbò àgbàdo. Àgbẹ̀ tí ó fowó ra ajílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́, ní èdè rẹ̀, ìdí tí a fi ní kí ó fi erùpẹ̀ bò ó. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dá àbá yìí. Kí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì wò ó bí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n.