Ọ̀sán kan àti òru kan ní Agége

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá nígbà tí mo dé Pẹ́n Sínímà, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ẹni tó bá mọ oríta yẹn kò ní í gbà pé mò ń gbọ́ ìró bàtà ara mi lórí ọ̀dà. Kò sí dánfó tó ń pe Ìyànà Ìpájà, kò sí ọlọ́kadà, kò sí ọmọdé tó gbé omi tútù lérí. Bíríìjì tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ ṣì wà láàbọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ. Ọlọ́pàá mẹ́ta jókòó sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fa ìbòmú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní mo fẹ́ ra ata àti oògùn. Wọ́n ní kí n má pẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá kónílé-ó-gbélé nìyẹn. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni òfin Ààrẹ Muhammadu Buhari ti mú Èkó àti Àbújá. Ti Ògùn tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ló yẹ kó parí, gbogbo Agége sì ń retí ohun tí Ààrẹ yóò tún sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kò yéé fi àdúgbò bíi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní olóríkunkun ni wá, wọ́n ní a kò gbà pé Kòrónà wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi jáde, kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe, kí n sì bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Nítorí bí a bá ń wá àdúgbò tó tètè gbọ́ nípa àrùn yìí, tiwa wà níwájú. Ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, Ewékorò ló wà nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Títì Abẹ́òkúta tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ló lọ sí Ewékorò. Kí wọ́n tó gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yaba ni àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìfọ̀ àti Pápálántó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kí ara wọn ní gáréèjì.

Wọ́n ti ti ọjà pa nígbà tí mo dé ibẹ̀. Òfin Èkó ni pé lẹ́yìn gbogbo wákàtí 48 ni kí ọjà oúnjẹ máa ṣí, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ọjà, agbọ̀n kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀, wọ́n fi àpò bò ó. Mo kí ìyá aláta kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dúró sọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà la ti máa nájà.” Ó ti bo imú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn. Ó gba owó lọ́wọ́ mi sínú ike tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Mo ní, “Màmá, wọ́n ní aago méjì ti kọjá.”

Ó ṣí àpò kúrò lórí agbọ̀n. Tòmátì tó wà nísàlẹ̀ ti ń ṣomi. “Ilẹ̀ Haúsá ni èyí ti wá. Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ ti lò lọ́nà lọ́wọ́ àwọn tó ń dá wọn dúró? Àwìn ni mo gbà á ní Máìlì 12. Tí mo bá fi dúró de ọjọ́ ọjà míì, ṣé ìjọba ló máa bá mi san án?” Kò bínú sọ ọ́. Ó ń ṣírò rẹ̀ fún mi ni, bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀ fún ara rẹ̀ látàárọ̀.

Mo ra ata, mo yà sọ́dọ̀ onikẹ́mísì. Ó ti kọ ọ́ sí ara páálí kan lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí chloroquine. Láti ìgbà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, ti dárúkọ oògùn náà ní oṣù Kẹta ni wọ́n ti ń wá a. Àwọn kan l'Ékòó ti lò ó ní àlòjù, ó sì sọ wọ́n dèrò ilé ìwòsàn, títí tí NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, fi kìlọ̀ pé kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń wo Kòrónà. Àwa tí wọ́n fi í wo ibà fún ní kékeré mọ̀ ọ́n dáadáa. A mọ bó ṣe ń yún ni lára títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ni ìlà gígùn wà. Ewé dongoyárò, ewúro, atalẹ̀, àlùbọ́sà: ilé ìdáná rẹ̀ ń rùn dé títì. Ó ti fi oyin kún ọjà rẹ̀, nítorí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́, tó kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta pé òun ti kó àrùn náà, ti bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì sọ lórí rédíò pé òun lo oyin àti òróró èso dúdú. Mo bi ìyá náà bóyá agbo rẹ̀ ń wo Kòrónà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Agbo ibà ni mò ń tà. Ẹni tí ibà kò bá sí lára rẹ̀, kò ní í sáré lọ sí ọsibítù lásìkò yìí kó lọ kó nǹkan míì.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ó tún sọ fún mi pé ọmọ òun fi ohùn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí òun fa omi gbígbóná sí imú pẹ̀lú iyọ̀, òun sì ní kó pa á rẹ́. Kò gbàgbé ọdún 2014. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, ìròyìn kan gba orí fóònù kálẹ̀ lóru pé kí tọmọdé tàgbà fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Iyọ̀ yẹn pa ènìyàn. Ebola fúnra rẹ̀, ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, ó pa 8, Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní ọsibítù sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán. Àwọn tó ní a kì í kọ́gbọ́n kò rántí pé ó ti ṣojú wa rí.

Mo gba ẹ̀yìn ojú irin kọjá. Ojú irin yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn wọ Èkó, rélùwéè ló sì bá wọ àwọn ìlú inú lọ. Lásìkò náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare ni aṣáájú wọn, Sophia Ọdúnlámì sì wà láàárín wọn. Lára gbòǹgbò tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti hù nìyẹn. Ilé ìjọ CAC kan wà lẹ́bàá ojú irin náà, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ilẹ̀kùn rẹ̀. Àná tí í ṣe Ọjọ́ Àjíǹde, kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Mo ronú nípa ohun tí èyí jẹ́ fún ìjọ tó jẹ́ pé inú àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń pé jọ gbàdúrà. Ẹni tó bá ní kí irú wọn jókòó sílé ti béèrè ohun ńlá, wọ́n sì ṣe é. Kò sẹ́ni tó kéde ìyẹn lórí rédíò.

Ilé tí mo yà sí lẹ́yìn ìyẹn ní yàrá méjìlá, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín. Ilé ìwẹ̀ méjì ni gbogbo wọn ń lò, ilé ìdáná kan. Ìwọ̀n mítà méjì tí wọ́n ní ká fi jìnnà síra wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò fẹ̀ tó o. Síbẹ̀ kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so ọṣẹ mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Ọwọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi náà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń dá owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kàn án. Aránṣọ kan nínú ilé náà ń fi àjákù àǹkárá rán ìbòmú. Àwọn ará ilé gba tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ta ìyókù kó lè rí owó gaàrí, nítorí ẹni kan kò rán aṣọ àríyá mọ́.

Ìjọba Èkó ti kéde pé ilé 200,000 ni wọn yóò kọ́kọ́ pín oúnjẹ fún. Sí yàrá méjìlá yìí, àpò kan ló dé. Wọ́n gbé ìrẹsì inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, yàrá tí ọmọ pọ̀ sí gba agolo kan lé. Opó kan tó ń gbé yàrá tó gbẹ̀yìn ní kí wọ́n fi tòun kún ti ìyálọ́mọ. Inú bí mi. Opó náà kọ́ ló bí mi nínú. Àwọn tó jókòó síbi tí wọ́n ti kọ àkọsílẹ̀ àwọn tó máa gba oúnjẹ náà, tí wọn kò fẹsẹ̀ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ni mò ń bínú sí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ààrẹ sọ̀rọ̀. A pé jọ sí ẹ̀bá rédíò kan ní ojú fèrèsé, kálukú níbi tó dúró sí. Nígbà tó ní kí kónílé-ó-gbélé tún tẹ̀ síwájú fún ọjọ́ 14, kò sẹ́ni tó pariwo. Baálé ilé kan tó ń fi bíríkì mímọ ṣiṣẹ́ òòjọ́ kàn ní, “Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́,” ó sì wọlé lọ. Ó ní ọmọ mẹ́rin.

Ilẹ̀ ṣú tán ni mo wá rí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù, kì í sì í ṣe Kòrónà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ìròyìn ń jà láti Ìfọ̀ dé Sángo, dé Alágbàdo, dé Abúlé Ẹ̀gbá, pé àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń ya wọ àdúgbò, wọ́n ń ja ilé lólè. Àwọn kan ní wọ́n tilẹ̀ ń kọ lẹ́tà ṣíwájú. Ọlọ́pàá ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí òpópónà tó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, táyà ti ń jó ní gbogbo ìkóríta tí ojú mi tó. Àwọn ọkùnrin jáde pẹ̀lú àdá, igi àti irin. Mẹ́ruwà ará Kàtsínà gbé ọ̀pá, ọmọ Ígbò tó ń ta sípéà páàtì gbé jáàkì mọ́tò, mo gbé igi tí wọ́n fún mi. Ìbòmú àǹkárá ọ̀sán náà, èéfín táyà ni a ń fi í dènà.

Àwa tí wọ́n ní ká má pé jọ sí ojú kan, a lé ní ọgọ́ta ní ìkóríta kan ṣoṣo. Ejìká ń kan ejìká. Àwọn kan ń wúkọ́, a kò sì mọ̀ bóyá èéfín ni. Gbogbo wa la mọ òfin. Gbogbo wa náà la mọ̀ pé olè lè dé lóru òní, pé tí Kòrónà bá tiẹ̀ máa dé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó lé díẹ̀ ní aago kan nígbà tí fèrè dún ní òpópónà kejì. A sáré. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n dì mú lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n ti ya ẹ̀wù rẹ̀, ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí ní ìṣẹ́jú yẹn, kò tíì kúrò lára mi. Bàbá kan tó ti darúgbó, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé, rọ́ wọ àárín wọn, ó fi ara rẹ̀ bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ẹ tan iná sí i lójú! Ẹ tan iná sí i lójú kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun!” Wọ́n tan iná fóònù. Ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà ilé kẹta ni. Ìyá rẹ̀ ló ní kó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ó ti wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni màmá kan yọ láti ojúlé rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó dúró lókèèrè, ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní kò sí ohun tí ọgọ́ta ènìyàn ń ṣe ní ìkóríta kan tí mẹ́fà kò lè ṣe. Ó ní kí wọ́n yan mẹ́fà-mẹ́fà sí ìkóríta kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dúró jìnnà síra, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ má jáde rárá, kí ẹni tí wọ́n bá mú sì dọ́wọ́ alága kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo rò pé wọn yóò bá a jiyàn. Wọn kò jiyàn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, òun lẹni àkọ́kọ́ tó wá bá wọn pẹ̀lú òfin tí wọ́n lè pa mọ́.

Alága ní kí wọ́n mú bébà wá. Ìyàwó ilé kan gba síṣe ògì àti àkàrà fún àwọn tó bá wà lójú ọ̀nà, kálukú yóò dá ọgọ́rùn-ún náírà. Aránṣọ ní òun ṣì ní àǹkárá tó máa tó ìbòmú ogún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wọ́n pín mi sí òru Ọjọ́rú, ní ìkóríta ojú irin, èmi, mẹ́ruwà, onísípéà páàtì, kápẹ́ńtà àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì.