Nígbà tí tẹlifóònù bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tó yẹ kí òbí àti àgbàlagbà mọ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ nípa tẹlifóònù. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ṣubú sí balùwẹ̀ lóru, tàbí tí gìrì bá mú ọmọ, fóònù ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ọwọ́ máa ń wá. Bí fóònù ọ̀hún ò bá lè pe ẹni tó yẹ kó pè, oògùn tó wà nílé ìwòsàn ò ní í dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lásìkò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí NITEL. Kí GSM tó dé lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà ò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní London á lọ tò sórí ìlà, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ á máa wà lára aago, torí owó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn sáíbà kafé bẹ̀rẹ̀ sí í pe òkè òkun látorí kọ̀ǹpútà. Ohùn á máa já, ọ̀rọ̀ á máa padà bí ẹni tó pariwo sínú kànga, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré. Ìpè orí kọ̀ǹpútà yẹn ni bàbá ìpè tí ọmọ ọmọ yín fi ń pè yín lónìí. Skype dé lọ́dún 2003, wọ́n sì ti pa á tì lóṣù Karùn-ún ọdún 2025. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ ìpè ohùn lọ́dún 2015, ó fi fídíò kún un lọ́dún 2016.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Tẹlifóònù àtijọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ta okùn kan láti ilé yín dé ilé ẹni tẹ́ ẹ pè, tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ ni okùn náà títí ọ̀rọ̀ yín á fi parí. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń gé ohùn yín sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ẹ̀fọ́, á kọ àdírẹ́sì sára ìkọ̀ọ̀kan, á wá jù wọ́n sójú ọ̀nà kan náà tí lẹ́tà, fọ́tò àti fíìmù àwọn ẹlòmíì ń gbà. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ẹ̀rọ tọ̀hún á tò wọ́n padà. Bí òmíràn bá pẹ́ lójú ọ̀nà tàbí tó sọnù, ìgbà yẹn lẹ máa ń pariwo pé, "Hẹ́lò, hẹ́lò, mi ò gbọ́ yín mọ́."

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í sábà sọ. Fóònù àtijọ́ máa ń gé àwọn ohùn tó tín-ín-rín dànù, àwọn ohùn wọ̀nyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kéèyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín "s" àti "f". Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo lè gbọ́ ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa jù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Bó bá tún jẹ́ fídíò, á lè máa wo ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìlú ọba ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ti hàn jù, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti darúgbó síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù wọn ń pa ètò àtijọ́ tó ń gba okùn kọ́pà, torí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, èròjà rẹ̀ sì ti ṣọ̀wọ́n. Oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2027. Fóònù ilé á wá máa gba inú àpótí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní rúta.

Níbi tó ti kan ìlera nìyí. Okùn kọ́pà ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ọ́fíìsì tẹlifóònù, nítorí náà bí iná ilé bá lọ, fóònù tó wọ́pọ̀ ṣì ń dún. Rúta ò ní irú ẹ̀: bí iná bá lọ, fóònù náà kú nìyẹn, àfi tí bátìrì bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 1.8 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lo bọ́tìnnì tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọrùn tàbí so mọ́ ọwọ́, tí wọ́n á tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Ní ìparí ọdún 2023, bọ́tìnnì àwọn kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìlà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba fọwọ́ lé e pé kí àwọn iléeṣẹ́ dá gbígbé èèyàn tipátipá dúró ná. Ofcom, tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà, ní kí wọ́n fún ẹni tó gbára lé fóònù ilé ní ohun tó lè fi pe ìrànlọ́wọ́ fún ó kéré tán wákàtí kan bí iná bá lọ.

Wákàtí kan! Lójú tèmi, ó kéré fún ìyá àgbà tó dá gbé. Bí tiyín bá wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ fóònù rẹ̀ pé ó ń lo bọ́tìnnì, kí ẹ tó gbà kí wọ́n yí ìlà náà padà. Ẹ bi àwọn tó ni bọ́tìnnì pé ṣé ó bá rúta mu, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò níṣojú ẹnì kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí i. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pe 911 láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ rẹ̀ lọ́dún 2005, àmọ́ àdírẹ́sì tí ẹ kọ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá kó lọ sílé mìíràn láìyí i padà, ilé àtijọ́ ni ọkọ̀ á lọ.

Nílé níbí, a ò ní okùn kọ́pà tí a fẹ́ ká kúrò. Lórí 4G, ìpè lásán pàápàá ti lè máa gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn kékeré, ilé oògùn tàbí ilé ẹ̀kọ́ lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta máa gbé lórí fóònù tiwọn, láìsí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí wọ́n fi nọ́ńbà àwọn aláìsàn sórí fóònù nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, nígbà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn bá a lọ. Kí nọ́ńbà jẹ́ ti iléeṣẹ́, kí ó má jẹ́ ti òṣìṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ń fi fídíò hàn dókítà pé àyà ọmọ ń gbọ̀n, ẹ tú aṣọ rẹ̀, kí iná wà níwájú, kó má wà lẹ́yìn. Ọmọ tó ti pé oṣù méjì tí kò tíì pé ọdún kan, tó ń mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó ń mí ní ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, torí àwòrán tó ń dúró tó ń lọ lè ṣi dókítà lọ́nà. Fídíò ò sì lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tẹ inú wò.

Ìpè WhatsApp ò lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa. Láti fóònù lásán lẹ máa pè é, kò sì gba owó káàdì. Ní Èkó, 767 tún wà. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já ní tòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ní WhatsApp nìkan dá wà lọ́jọ́ náà.

Àwọn oníjìbìtì ńkọ́? Kò sí ọmọ, báǹkì tàbí pásítọ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí, nítorí náà bí "ọmọ" yín bá fi ohùn ẹkún béèrè owó, ẹ béèrè orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pè é ní kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀.

Fún àwọn tó ń tọ́jú àgbà nílé, ẹ má sọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn nù. Ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún, ẹ fi 112 àti nọ́ńbà aládùúgbò méjì sí i, kẹ́ ẹ tún kọ wọ́n gàdàgbà gàdàgbà sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ìyá tàbí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan níṣojú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, láìwọ awò.